Iṣẹ́ Ọ̀gá Sùkúùtù

Aránṣọ ni mí ní agbègbè Kétu. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ óò bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń ti ìsọ̀. Mo máa ń so aṣọ ọrùn mọ́ ọrùn, mo sì máa ń lọ pàdé àwọn ọmọdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá sùkúùtù ni mí. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Sẹ́fù. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń ṣe é.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé: “Èló ni wọ́n ń san fún ọ lóṣù?” Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wọn kì í san fráǹkì kan. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á fura sí mi, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún yín, ohun tó dùn níbẹ̀ àti ohun tó korò.

Wọ́n ń kọ ọ́ ní scout. Àwa ń pè é ní sùkúùtù. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Baden-Powell ló dá a sílẹ̀. Ológun ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1907, ó kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Brownsea. Ilẹ̀ kékeré ni, omi ló yí i ká. Ọmọ olówó wà nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n jọ sùn nínú àgọ́, wọ́n jọ dáná, wọ́n jọ jẹun. Ní ọdún 1908, ó kọ ìwé jáde lórí ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1910, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní ọdún 1941 ní ilẹ̀ Kenya ní Áfíríkà níbí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Lónìí, ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ilẹ̀ tó ju 150 lọ.

Kí ni a ń kọ́ àwọn ọmọ? A ń kọ́ wọn bí a ṣe ń so okùn tí kò ní tú. A ń kọ́ wọn bí a ṣe ń dáná, bí a sì ṣe ń pa á kí ó má baà jó igbó. A ń kọ́ wọn bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́. A ń gbin igi, a ń gbá ọjà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan a gbé ìka mẹ́ta sókè, a sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò sa gbogbo ipá òun láti ran ẹnìkejì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ara wa ni pé: wà ní ìmúrasílẹ̀. Ó jọ òwe àwọn bàbá wa tó sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ má rò pé gbogbo ìlú ló gbà wá lọ́jọ́ kìíní. Àwọn kan ní a fẹ́ sọ ọmọ wọn di sójà nítorí aṣọ kan náà tí a ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dá ìjà sílẹ̀ jù ni ọwọ́ òsì. Káàkiri ayé, ọwọ́ òsì ni àwọn sùkúùtù fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà ti bú u. Ìyá àgbà kan rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń na ọwọ́ òsì sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní: “Aránṣọ, ṣé ohun tí o ń kọ́ wọn nìyí?” Mo dọ̀bálẹ̀ kí màmá. Mo ní: “Ẹ má bínú, ìyá wa. Ọwọ́ òsì ló sún mọ́ ọkàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń fi bọ ara wọn. Bí wọ́n bá rí àgbà, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, èyí ni mo ń kọ́ wọn.” Ó wò mí títí. Ó ní òun yóò máa ṣọ́ wọn wò. Títí di òní ló ń ṣọ́ wọn, inú mi sì dùn sí i. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó.

Ìṣòro kejì ni àkókò àti owó. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn oníbàárà máa ń wá gba aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí òde. Àwọn kan bá ìsọ̀ mi ní títì, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn lọ. Ìyàwó mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. A jókòó, a jọ ṣe ìṣirò. A fẹnu kò pé n óò máa ṣiṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, kí aṣọ oníbàárà lè jáde kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ bá ará ilé yín sọ ọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò tòrò kò lè tún ti ìlú ṣe.

Ní ti owó àwọn ọmọ, àgbà méjì ló ń kà á, àwọn méjèèjì ló sì ń fọwọ́ sí ìwé. Bí ọmọ kan bá mú 500 fráǹkì wá, a ó kọ ọ́ lójú rẹ̀. Òbí tó bá fẹ́ lè wá wo ìwé náà nígbàkigbà. Báyìí náà ni a kì í jẹ́ kí àgbà kan ṣoṣo wà níbi kọ́lọ́fín pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo. Òfin yìí ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo àgbà lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìṣòro tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní ìsinmi Kérésìmesì ọdún kan, a kó ọmọ 24 lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oko kan. Àgbà mẹ́rin ni àwa. Ọ̀kan nínú wa ni ìyá kan tó ń ta ìrẹsì lọ́jà, òun ló ń bójú tó àwọn ọmọbìnrin. Kí a tó lọ, a fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òbí. Ìwé náà béèrè pé: ṣé ọmọ yín ní àìsàn kankan? Gbogbo wọn dá ìwé náà padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kà wọ́n.

Ọyẹ́ ń fẹ́ gidi lásìkò náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ fi omi kànga wẹ̀. Kò pẹ́ ni ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ẹ̀yìn ń dun òun, àyà ń dun òun. Kò lè dìde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ọ̀lẹ ni, pé kò fẹ́ ṣẹ́gi. Òmíràn ní àjẹ́ ni. Ìyá oníràẹ̀sì sún mọ́ ọn, ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó rí i pé ó pọ́n bí ọsàn. Ó ní: “Sẹ́fù, mo mọ ohun tí èyí jẹ́. Òun ló pa àbúrò mi.” Fọ̀níkú-fọ̀ladìde ni.

A fún un ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mu. A fi aṣọ mẹ́ta bò ó. Mo gbé e sí àárín èmi àti oní-zémíjàn, a sì gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ti ń gbá ara wọn. Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ mi pé: “Ṣé ọmọ yìí ní àrùn ẹ̀jẹ̀?” Mo yọ ìwé rẹ̀ jáde nínú àpò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé: kò ní àìsàn kankan. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀ kí ó tó padà sílé.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, inú ń bí mi. Mo bi í pé: “Bàbá ọmọ, ẹ kò mọ̀ ni?” Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní: “Sẹ́fù, mo mọ̀. Ẹ má bínú. Èmi kò mọ̀wé. Ọmọ aládùúgbò mi ló ka ìwé yín fún mi, òun náà ló sì bá mi kọ ìdáhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀? Bí ó bá di alẹ́, gbogbo àdúgbò á ti máa pe ọmọ mi ní àbíkú. Ẹ̀yin náà, bí mo bá ti sọ ọ́, ṣé ẹ óò gbà á?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú tó ń bí mi rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Irọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé náà lóòótọ́, irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò ní ìkọ̀kọ̀ kankan. Ẹni tí kò lè ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ẹlòmíràn ló ń gbọ́ àṣírí rẹ̀ kí ó tó dáhùn.

A pe ìpàdé òbí. Ariwo pọ̀. Àwọn kan ní kí a má gba ọmọ aláìsàn mọ́. Òbí márùn-ún yọ ọmọ wọn kúrò. Ẹnì kan sọ lójú mi pé mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ká aṣọ ọrùn mi, mo tì í sínú àpótí. Ìyàwó mi, ẹni tó ti ń ráhùn nípa ọjọ́ Àbámẹ́ta, ló bi mí pé: “Bí o bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò gba ọmọ náà?” N kò rí èsì fún un.

A gba ọmọ náà padà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti ṣàlàyé àrùn náà fún wa. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ràn. Ọmọ máa ń jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, bí àwọn méjèèjì bá gbé e nínú ẹ̀jẹ̀, kódà bí kò bá ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ bí dòjé, ó sì máa ń dí ọ̀nà ara rẹ̀. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti ibà ló máa ń ta á jí. Nítorí náà, omi gbígbóná ni ó fi ń wẹ̀ ní àgọ́. Ìgò omi kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ń sáré, òun ló ń ka iye àkókò. Òun náà ló mọ okùn so jù nínú ẹgbẹ́ wa.

Láti ìgbà náà, a kì í fi ìwé nìkan béèrè mọ́. Mo máa ń lọ sí ilé òbí kọ̀ọ̀kan, a ó sì jókòó níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́. Lọ́dún kìíní tí a ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá kan sọ fún mi pé ọmọ òun ní wárápá. Òmíràn ní ọmọ òun ní ikọ́ fée. A ti mọ̀ báyìí pé ọmọ oníwárápá kò gbọdọ̀ wọ odò láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá sọ fún wa, báwo ni à bá ṣe mọ̀?

Ní ti bàbá ọmọ yẹn, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nígbà tí a tún fi ìwé àgọ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìdáhùn. Lẹ́tà náà wọ́, àmọ́ mo kà á: “Ọmọ mi ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin náà ti mọ̀wé báyìí. Bí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sí yín nípa ọmọ yín, ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ sì sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bá yín tọ́ ọmọ, ẹ má fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún un. Bí ẹ bá sì ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ lè yọ̀ǹda, àwọn ọmọ ń bẹ ní àdúgbò yín tí wọ́n ń wá àgbà tí yóò kọ́ wọn ní nǹkan rere. Owó kò sí níbẹ̀. Àbùkù á wà, àárẹ̀ á wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.