Ẹ̀rọ Mímí àti Ẹ̀ṣọ́ Pápákọ̀ Òfurufú

Bí ará Pobè bá ń lọ ìlú òyìnbó, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀: kó gba Sakété àti Àjàṣẹ́ lọ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Cadjehoun, ní Cotonou, tàbí kó kọjá Ìdíròkò lọ sí Ìkẹjà. Èyí tó wù kó mú, àwọn ẹ̀ṣọ́ á yẹ àpò rẹ̀ wò. Ẹni tí kì í sùn láìlo ẹ̀rọ mímí á ní àlàyé ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ni CPAP. Dókítà Colin Sullivan ní Ọsirélíà ló ṣe é, ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1981. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí ọ̀nà ọ̀fun kó má baà pa dé lójú oorun. Àmọ́ lójú ẹ̀ṣọ́, àpótí tó ní mọ́tò, wáyà àti rọ́bà gígùn ni. Ta ni kò ní fura?

Ó yẹ kí aláìsàn ti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi í. Èyí kò sì rọrùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée ní Sakété lè kọ́kọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fa oògùn Ventolin sẹ́nu, kí wọ́n má baà ní àìsàn ìdílé wọn ni. Ní pápákọ̀, gbangba ni wọ́n ti ń tú àpò.

Ní Amẹ́ríkà, TSA, àjọ tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀, ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú àpò rẹ̀. Ìbòmú àti rọ́bà lè wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n á ti fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e, torí pé ẹrù ẹlòmíì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú abọ́ ike tí wọ́n máa gbé e sí. Kó sì ti da omi inú ẹ̀rọ nù.

Bátìrì ló le jù. Èyí tó jẹ́ ìpamọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀, nítorí iná; ọwọ́ ni wọ́n ń mú un dání. Bí agbára lítíọ́mù rẹ̀ bá ju 100 Wh lọ, títí dé 160, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń kó ọ́síjìn jọ tún ní ìṣirò mìíràn: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń béèrè bátìrì tó máa pẹ́ ju ìrìn náà lọ ní ìdajì. Cotonou sí Paris tó nǹkan bíi wákàtí 6, bátìrì wákàtí 9 nìyẹn.

Ó ku ìwé dókítà. Ti èdè Faransé tó fún Paris, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ sí New York láti ibẹ̀ nílò ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Àpò aṣọ ni kó fi í sí, kì í ṣe inú báàgì tí wọ́n ti gbé lọ.