Iná Tí Kò Tàn

Ní Ìbàdàn, bí iná mọ́tò kò bá tàn, tí rédíò rẹ̀ yadi, tàbí tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń tan ohun tí kò tàn lánàá, wọn kì í ní kí o pe mẹkáníìkì. Ríwáyà ni wọ́n máa ní kí o wá. Orúkọ iṣẹ́ náà nìyẹn, òun náà sì ni orúkọ àwa tí à ń ṣe é. Mẹkáníìkì gbà pé wáyà la kàn ń so kiri, pánẹ́lì bítà gbà pé àwa la máa ń ha ọ̀dà òun, ṣùgbọ́n bí mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán bá kọ̀ tí kò jí, àwọn méjèèjì á jọ máa bi ara wọn pé ríwáyà dà.

Ìsọ̀ ọ̀gá mi wà lágbègbè Gate, kò jìnnà sí àwọn tó ń ta sípíà páàtì tòkunbọ̀. Mo ti ṣe físíìsì nílé ìwé, mo mọ òfin Ohm lórí. Ọ̀gá mi kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òfin náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́ kò ní wáyà nínú rárá. N óò jókòó síbi dírẹ́bà, n óò yí kọ́kọ́rọ́ dé ON láì jí ẹ́ńjìnnì, n óò sì máa pe iná tí mo bá rí fún un níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bátìrì. Ọ́yìlì. Bíréèkì. ABS. Èábáàgì. Chẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá pè é tán, yóò ní, "Èwo ni kò tàn?"

Ẹni tó gbé mọ́tò wá, iná tó tàn ló ń pariwo lé lórí. Ọ̀gá ní tirẹ̀, èyí tí kò tàn ló ń wá. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe mọ́tò ti ṣètò rẹ̀ pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dé ON, àwọn iná ìkìlọ̀ yóò tàn kí a lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Bí ohun tí kálukú ń ṣọ́ bá dára, wọ́n á kú: àwọn kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwọn mìíràn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Èyí tí kò bá tàn rárá, yálà gílóòbù rẹ̀ ti jó tàbí ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́.

Bọ̀ọ̀dá kan gbé Camry Big Daddy tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá, ó ní kí a bá òun fi rédíò tuntun sí i. Mo pe iná, mo pe é tán, èábáàgì kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí n tú dáṣíbọ́ọ̀dù wá. Lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ níbi tó yẹ kí iná èábáàgì ti yọ, téèpù dúdú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gé e mọ́lẹ̀ dáadáa bí iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. A ṣí àárín sítíárìn wò, kò sí nǹkan nínú. Èábáàgì ti bú níbi tí mọ́tò náà ti kọ́kọ́ forí sọ nǹkan, wọ́n kàn ra ìdérí bò ó ni. Bọ̀ọ̀dá náà pe ẹni tó tà á fún un, fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó ní kí a máa bá rédíò náà lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò gba àkókò. Pupa ní kí o dúró, yẹ́lò ní kí o wá àyè yẹ̀ ẹ́ wò, gíríìnì àti búlúù kàn ń sọ ohun tí o tàn fúnra rẹ ni, bíi tiráfíkétọ̀ àti fúùlù láìtì. Ohun tó gba àkókò ni kí n mọ ohun tí iná kọ̀ọ̀kan ń wò gan-an. Iná ọ́yìlì, fún àpẹẹrẹ, kì í wo bí ọ́yìlì ṣe pọ̀ tó. Bí ọ́yìlì ṣe ń ti ara rẹ̀ káàkiri ẹ́ńjìnnì ló ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì jí, tó sì ń kú bó bá ti jí. Ẹni tí tirẹ̀ bá tàn lójú ọ̀nà, tó sì ní òun á kọ́kọ́ délé ná, ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ń wá lọ.

Iná bátìrì náà kì í ṣe ti bátìrì tán. Ohun tó ń sọ ni pé ọ́tánétọ̀ kò fún bátìrì lóúnjẹ mọ́. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn nígbà tí mọ́tò bá sùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, ó yẹ kí a rí láàárín 13.5 sí 14.5 lórí mítà. Bí a bá rí 12 tó ń lọ sílẹ̀, bátìrì tuntun tí wọ́n tà fún oníbàárà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní gbà á. Ọ̀gá a tún máa béèrè pé, "Ṣé hítì náà gòkè?" Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bẹ́líìtì tó ń yí ọ́tánétọ̀ náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Bí iná bátìrì bá tàn, tí abẹ́rẹ́ hítì sì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́líìtì ti já, kí dírẹ́bà sì páàkì níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni iná bíréèkì, nítorí ẹlẹ́rìí méjì ló ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Hándì bíréèkì ń tàn án, omi bíréèkì tó lọ sílẹ̀ náà sì ń tàn án. Ìyá kan ní tòun máa ń tàn kìkì bí òun bá yí kọ́nà, kí ó sì kú. Ọ̀gá kò tú nǹkan kan. Ó béèrè ìgbà tí Ìyá pààrọ̀ páàdì bíréèkì kẹ́yìn. Bí páàdì bá ti ń jẹ, omi á máa wọ́ lọ dí àyè rẹ̀, èyí tó kù nínú ike á wá máa mì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́nà. Páàdì ni Ìyá ra, iná náà kú.

Chẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ló máa ń ba oníbàárà lẹ́rù jù, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ jù bí a bá ní ohun tí a ó fi gbọ́ ọ. Láti orí mọ́tò ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní OBD2, ojú púlọ́ọ̀gì oníhò 16 lábẹ́ sítíárìn. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, òfin wọn di irinṣẹ́ wa. A ó ki sikánà bọ̀ ọ́, yóò sì kọ nọ́ńbà jáde. Bí sikánà kò bá gbé iná, ẹ má sáré sọ pé bréènì bọ́ọ̀sì ti kú: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, fíúùsì kan náà ni ihò yẹn àti ihò ìtanná sìgá ń lò, ẹni tó ki ṣájà fóònù burúkú bọ̀ ọ́ ti jó o.

Nọ́ńbà kì í sọ ohun tí a ó rà. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, epo sì kéré jù nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ róbà tó là, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. P0420 ń ráhùn nípa kátálíìsì, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tó ń lọ káàkiri ra ohun náà lọ́wọ́ onímọ́tò, nítorí àwọn irin olówó iyebíye wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ta tirẹ̀ á máa bẹ̀ wá pé kí a bá òun pa iná náà. A lè fi sikánà pa á láàárọ̀, yóò tún tàn. Àwọn tó ń ta mọ́tò mọ èyí, wọ́n á pa á kí oníbàárà tó dé. Ṣùgbọ́n sikánà máa ń fi hàn bí kọ̀ǹpútà mọ́tò kò bá tíì parí àyẹ̀wò tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́. Bí mo bá rí i pé èyí tó pọ̀ jù kò tíì parí nínú mọ́tò tí wọ́n ní ẹnì kan ń wà lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti kọjá níbẹ̀ kí n tó dé.

Ó pẹ́ kí ọ̀gá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rédíò. Rédíò tuntun tí a bá rà lọ́jà ní òfin àwọ̀ tirẹ̀. Yẹ́lò ni iná tí kì í kú, tó ti bátìrì wá tààrà; òun ló ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti àwọn ibùdó. Pupa ni ACC, tó ń wá bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni áàtì. Búlúù wà fún éríà, búlúù onílà funfun sì ń jí ampilifáyà. Funfun ni sípíkà iwájú lápá òsì, géréè ti iwájú lápá ọ̀tún, gíríìnì ti ẹ̀yìn lápá òsì, pọ́pù ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Èyí tó bá ní ìlà dúdú lára ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ọmọ ọlọ́pọlọ pípé lè há a sórí láàárín ọ̀sán.

Wáyà tó wà nínú mọ́tò kò mọ òfin yẹn rí. Nínú ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla, búlúù onílà yẹ́lò ni iná tí kì í kú, géréè ni ACC, buráwùn ni áàtì. Pupa ńkọ́? Sípíkà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni. Dúdú náà, sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì ni. Ọmọ ìsọ̀ kejì wa kan so pupa mọ́ pupa, ó so dúdú mọ́ dúdú, rédíò kò jí, ó sì ti fẹ́ dá a padà fún ọlọ́jà pé ó ti kú láti inú páálí. Ọ̀gá gba tẹ́sítà lọ́wọ́ rẹ̀, gílóòbù kékeré tí a so wáyà méjì mọ́. Ó fi ẹnu kan mú irin mọ́tò, ó fi èkejì kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀: èwo ló tàn? Yí i dé ACC: èwo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn? Tan páàkìn láìtì: èwo ló tún dára pọ̀? Láàárín ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, gbogbo wọn ti jẹ́wọ́. Ọ̀gá ní, "Àwọ̀ ni wọ́n fi ń tà á. Bi í léèrè."

Sípíkà kò nílò tẹ́sítà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì onífóòtì 1.5 kan ti tó. Fi kan wáyà rẹ̀ wàrà, wo pépà sípíkà: bó bá fò síta, ibi tí orí bátìrì wà ni pọ́sítíìfù, bó bá wọlé, o ti yí i. Sípíkà méjì tí ọ̀kan ń fò síta nígbà tí èkejì ń wọlé, ìlù inú orin á sá lọ, oníbàárà á sì ní rédíò náà kò ní báàsì. Àwọn àgbà ríwáyà tó kọ́ṣẹ́ láyé Peugeot 504 a máa so gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù sípíkà mọ́ ara mọ́tò, rédíò ayé ìgbà náà sì gbà á. Ti òde òní kò gbà á. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń ti sípíkà, wáyà onílà dúdú náà ní iná tirẹ̀ nínú, bó bá sì kan irin, áísíì inú rédíò lè jó. Rédíò Japan tí wọ́n ń tà ní tòkunbọ̀ ní wàhálà mìíràn: FM tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 76, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn ó sì parí ní 90. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ibùdó Amuludun ní 99.1 gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ wáyà éríà, tí yóò sọ ibùdó náà kalẹ̀ síbi tí rédíò lè bá a.

Wáyà kan ṣoṣo ni a kì í bi ní nǹkan. Púlọ́ọ̀gì yẹ́lò tó wà lábẹ́ sítíárìn àti nítòsí ìjókòó, ti èábáàgì ni. Iná tẹ́sítà lè tó láti mú kí ó bú. A ó tú orí bátìrì, a ó dúró kí iná tó kù nínú àpótí rẹ̀ lọ, kí a tó sún mọ́ ọn.

Ní báyìí Android ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, ojú gbàgàdà tó ń fi máàpù, fídíò àti kámẹ́rà ẹ̀yìn hàn. Alhaji kan gbé tirẹ̀ wá, bátìrì rẹ̀ ń kú ní gbogbo òwúrọ̀. Ọ̀gá ní kí n so mítà sáàárín orí bátìrì àti wáyà rẹ̀, kí a ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí a sì dúró. Mọ́tò tó sùn dáadáa kò yẹ kó mu ju nǹkan bíi 0.05 áńpù lọ. Ti Alhaji ń mu ju ìdajì áńpù lọ. Mo ń yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ti rédíò, mítà sì balẹ̀. Ẹni tó so ó níbòmíràn ti pa yẹ́lò àti pupa pọ̀ sójú kan. Ojú Android náà dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó.

A pín wọn níyà. Ní ọjọ́ kejì Alhaji padà dé, bátìrì jí, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní tẹ́lẹ̀ bí òun bá ti wọlé ni orin ń kọ, pé nísinsìnyí òun ń dúró kí ó tó jí.

"Alhaji, ìyẹn ló ń pa bátìrì yín."

"Mo gbọ́. Ẹ so ó padà bẹ́ẹ̀, kí ẹ bá mi wá bátìrì tó tóbi ju èyí lọ."

Ọ̀gá nu ọwọ́, ó ní kí n sọ fún Alhaji iye tí wọ́n ń ta bátìrì 75 ní Gate.