Dúrójayé

Èmi ni àkọ́bí ìyá mi. Málọmọ́ ló tẹ̀ lé mi, Kòkúmọ́ tẹ̀ lé Málọmọ́, kò sì sí èyí tó pé ọdún mẹ́ta nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n fi abẹ sín ara Kòkúmọ́ kí wọ́n tó sin ín, kí ojú àpá náà má baà jẹ́ kó padà wá. Ní 1952 ni wọ́n bí Dúrójayé, wọ́n sì so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ a máa pọ́n bí ẹni pé wọ́n ta epo sí i. Láti ìgbà tó ti wà ní jòjòló ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń wú. Nígbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, bí ọyẹ́ bá ti dé, a máa ké pé, "Eegun mi o!" títí àkùkọ yóò fi kọ. Ìyá mi a pọ̀n ọ́n, wọn a máa yí àgbàlá po, wọn a máa bẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, wọn a bá a wí gidi pé kó fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run sílẹ̀. Ó kú ní 1959.

Ní 1966 mo ríṣẹ́ ìfọgò sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá mi pè mí kí n wá fojú sí máíkírósíkóòpù. Hóró ẹ̀jẹ̀ tí mo ti mọ̀ sí róbótó ni mo rí tó tẹ̀, tó mú ṣóńṣó lórí méjèèjì bíi dòjé. Wọ́n ní irú èyí kì í ṣàn geere. A máa há sínú iṣan kéékèèké, ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í pẹ́ fọ́; fífọ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ojú pọ́n. Mo bi wọ́n pé ṣé ọwọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa wú. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi sábà ń kọ́kọ́ fura sí i lára ọmọ jòjòló gan-an nìyẹn. Mo fa àpótí kan, mo jókòó.

Dókítà Herrick ti kọ nípa irú ẹ̀jẹ̀ yìí ní Chicago láti 1910. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lo iná mànàmáná láti fi hàn pé èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa gan-an ló yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bí àbúrò mi! Ó ń dùn mí títí dòní pé ìmọ̀ náà wà láyé, tí kò dé ilé wa.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ náà. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà tútù, a ó tan iná mànàmáná sí i. Èròjà A, ti ẹ̀jẹ̀ róbótó, a máa sáré; èròjà S, ti ẹ̀jẹ̀ bíi dòjé, a máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bí ìlà méjèèjì bá yọ, AS nìyẹn: ara onítọ̀hún le koko, kò mọ̀ pé òun ru nǹkan kan. Bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Bàbá mi tó ń kọ igba ebè lójúmọ́, ìyá mi tí orí fífọ́ kì í ṣe! N kò ní kí ẹ gbà pé gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o. Ibà pa ọmọ, èéyi pa ọmọ.

Ọmọ SS kan tí mo fọwọ́ ara mi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní 1974 ṣì wà láyé, ó sì ti bímọ méjì. Ìyá rẹ̀ kò fi oògùn ibà àti fólíìkì ásíìdì ṣeré. Nígbà tí oògùn hydroxyurea dé, dókítà fi kún un.

Àyẹ̀wò oníwàdùwàdù ló ń bí mi nínú. AS ni ọkọ kan, wọ́n kọ AA fún ìyàwó níbi àyẹ̀wò kan. Ọmọ wọn kejì ni wọ́n fi mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ ṣe é níbi méjì. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n lè kà fún yín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo wo máíkírósíkóòpù yẹn, mo wọkọ̀ lọ sílé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Wọn kò fèsì. Wọ́n wọlé, wọ́n tú ṣaworo náà jáde láti inú àdìrẹ kan, wọ́n gbé e lé itan.

"Nígbà náà, kì í ṣe pé ó ń wù ú láti lọ?"

"Rárá o, màámi."

"Mo sì bá a wí."