Àpòòwé tí Kò Ní Lẹ́tà Nínú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹlòmíràn a máa kó aṣọ òfì jọ, ẹlòmíràn a máa kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ, ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ kò ní ohun tí ó ń kó jọ ju oyè lọ. Ní tèmi, àpòòwé ni. Kì í sì í ṣe àpòòwé lásán, bí kò ṣe irú èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti fi ṣe ìrántí ìtàn bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ bí a ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ níhìn-ín. Ìgbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ní ilẹ̀ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, n kò jẹ́ kí wọ́n bá ẹrù yòókù wọ ọkọ̀ ojú omi. Inú àpótí tí mo gbé lọ́wọ́ ni wọ́n wà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún òǹkàwé tí kò rí irú wọn rí. Ní apá òsì àpòòwé náà ni wọ́n ń tẹ àwòrán sí: ojú akọni kan, tàbí pápá ìṣeré, tàbí ọwọ́ tí ó di ọ̀pá ìgbábọ́ọ̀lù mú. Apá ọ̀tún ni sítáǹpù wà. Orí sítáǹpù yìí ni ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò bu òǹtẹ̀ lù, orúkọ ìlú àti ọjọ́ yóò sì hàn nínú òǹtẹ̀ náà. Oríṣi méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n bu òǹtẹ̀ lù ní ọjọ́ tí ìjọba kọ́kọ́ gbé sítáǹpù kan jáde. Èkejì ni èyí tí wọ́n bu òǹtẹ̀ lù ní ọjọ́ tí ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lẹ́tà nínú rárá. Páálí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi há inú wọn kí wọ́n má baà ká.

Ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè nígbà kan pé, "Bàbá mi, ta ni ó kọ ọ́ sí yín?" Mo ní kò sí ẹni tí ó kọ ọ́. Ó ní, "Kí wá ni ẹ ń kà láti àárọ̀?" Mo dá a lóhùn pé ara àpòòwé náà ni mo ń kà. Ẹni tí ó bá mọ àrokò kò ní fi ìdáhùn yìí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ méjì ránṣẹ́ láìsí ìwé kankan: bí wọ́n bá kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni; bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Ohun tí a dì àti bí a ti dì í ni ọ̀rọ̀.

Èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn tí mo ní ni ti 12 Oṣù Kẹfà, ọdún 1939. Cooperstown, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York, ni orúkọ tí ó wà nínú òǹtẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba sì gbé sítáǹpù sẹ́ǹtì 3 jáde, aláwọ̀ àlùkò, tí àwòrán àwọn ọmọdékùnrin tí ń ṣeré ní pápá abúlé wà lórí rẹ̀. James Farley, ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, Adájọ́ Kenesaw Mountain Landis tí ó jẹ́ olórí eré náà ni ó sì kọ́kọ́ tà á fún. Iye tí wọ́n tẹ̀ lé ní 80,000,000. Láti ìlú gbogbo ni àwọn ènìyàn ti fi owó àti àpòòwé tí wọ́n ti kọ àdírẹ́sì ara wọn sí ránṣẹ́ sí Cooperstown, kí wọ́n lè bá wọn lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, kí wọ́n bu òǹtẹ̀ lù ú, kí wọ́n sì dá a padà fún wọn. Nítorí pé ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò wọ́n títí di òní. Owó oúnjẹ ọ̀sán kan ni mo fi ra tèmi.

Ọdún méjì ni wọ́n kọ sára sítáǹpù yẹn: 1839 àti 1939. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eré náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí wọ́n ní Abner Doubleday ni ó dá a sílẹ̀ ní Cooperstown ní 1839. Irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1905 ni ó fi ọwọ́ sí ìtàn náà ní 1907, ẹ̀rí àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Abner Graves ni wọ́n sì gbára lé, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 5 péré ni ọkùnrin náà ní 1839. Doubleday fúnra rẹ̀ wà ní ilé-ìwé àwọn ológun ní West Point lọ́dún náà. Ó di ọ̀gágun, ó jà ní Gettysburg ní 1863, ó sì kọ̀wé púpọ̀ kí ó tó kú ní 1893. Kò sọ nínú wọn pé òun ni òun dá bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀. Orúkọ eré náà ti wà nínú ìwé àwọn ọmọdé tí John Newbery tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1744. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ eré náà kò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tí wọ́n ń fi yangàn ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, olùkọ́ ìtàn tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbé àpòòwé yìí yẹ̀ wò ní ilé mi, ó sì fi í lélẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. Ó ní, "Àbúrò, kí lo fẹ́ fi irọ́ tí ìjọba bu òǹtẹ̀ lù ṣe? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń yọ̀ yẹn, ǹjẹ́ wọ́n gbà kí aláwọ̀ dúdú bá wọn gbá a? Jù ú nù."

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ní 1939, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Josh Gibson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù náà í gbá jù lọ láyé, ń ṣeré fún Homestead Grays nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fún ara wọn. Landis tí ó ra sítáǹpù àkọ́kọ́ yẹn wà ní ipò olórí títí ó fi kú ní 1944, kò sì sí aláwọ̀ dúdú tí ó wọ ẹgbẹ́ ńlá kankan ní ìgbà tirẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò ju àpòòwé náà nù. Ẹlẹ́rìí méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Sítáǹpù ni ẹnu ìjọba: ó sọ ohun tí ìjọba fẹ́ kí a gbà gbọ́. Òǹtẹ̀ kò ní èrò kankan lọ́kàn. Ìlú àti ọjọ́ ni ó mọ̀. Sítáǹpù ní 1839, irọ́ ni. Òǹtẹ̀ ní 12 Oṣù Kẹfà, 1939, òtítọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni odindi orílẹ̀-èdè dìde dúró láti yẹ́ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ sí, tí ó sì fi àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ní tòótọ́ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ aṣọ tí irọ́ wọ̀ lọ sí òde nù, báwo ni àwọn ọmọ wa yóò ṣe mọ bí ó ti rí nígbà tí ó ń rìn láàárín àwọn ènìyàn pàtàkì?

Láti ìgbà náà ni mo ti sọ ọ́ di àṣà pé bí àpòòwé kan bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo ń yọ ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ kúrò nínú ọdún òǹtẹ̀, mo sì ń kọ ìyókù rẹ̀ sí etí ojú ewé. Ní 24 Oṣù Kẹsàn-án, 1969, wọ́n gbé sítáǹpù sẹ́ǹtì 6 jáde ní Cincinnati fún ọgọ́rùn-ún ọdún bésíbọ́ọ̀lù àwọn tí ń fi eré náà jẹun. Ẹgbẹ́ Cincinnati bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà jẹun ní gbangba ní 1869, ọgọ́rùn-ún ọdún pé, wọn kò jẹ́ kí ọdún náà rékọjá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kejì 1920 ni Rube Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Kansas City, tí wọ́n dá àjọ àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ó pé àádọ́ta ọdún ní 1970, ọdún kan péré lẹ́yìn ayẹyẹ ti Cincinnati. Ìjọba kò tẹ sítáǹpù kankan fún un. 15 Oṣù Keje, 2010, ni òǹtẹ̀ tí ó wà lára àpòòwé tiwọn, Kansas City ni ìlú rẹ̀. Kadir Nelson ni ó ya àwòrán sítáǹpù méjèèjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Foster sì wà lórí ọ̀kan. Mo kọ 90 sí etí ojú ewé náà.

Jackie Robinson wọ pápá fún ẹgbẹ́ Brooklyn ní 15 Oṣù Kẹrin, 1947, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà pípẹ́. Gibson kò rí ọjọ́ yẹn. Ó ti kú ní Oṣù Kìíní ọdún náà. Sítáǹpù Robinson jáde ní 2 Oṣù Kẹjọ, 1982: ọdún 35. Kí a má ṣàbòsí, òfin ìgbà náà ni pé wọn kì í fi ojú ẹni tí ó wà láàyè sórí sítáǹpù, 1972 ni Robinson sì kú. Òfin ni ó fa púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni òfin náà dè. Kò de àjọ Foster. Ìlú tí wọ́n ti gbé sítáǹpù Robinson jáde ni Cooperstown. Orúkọ ìlú kan náà ni ó wà nínú òǹtẹ̀ méjèèjì, ti 1939 àti ti 1982, mo sì fi wọ́n sí ojú ewé tí ó kọjú sí ara wọn, bí owó ẹyọ méjì. N kò ì tíì lè sọ bóyá ojú ni wọ́n kọ sí ara wọn tàbí ẹ̀yìn.

Nínú oríṣi kejì, èyí tí ó ká mi lára jù ni ti Atlanta, 8 Oṣù Kẹrin, 1974. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Hank Aaron, aláwọ̀ dúdú láti Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà pápá fún ìgbà 715, tí ó sì rékọjá 714 tí Babe Ruth ti fi sílẹ̀ láti 1935. Ní ìparí eré ọdún 1973, 713 ni ó ní. Gbogbo ìgbà òtútù ni ilẹ̀ náà fi ń retí rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí àpòòwé òun ní òǹtẹ̀ ọjọ́ náà ní láti múra dè é.

Àwọn mìíràn náà ń lo ilé ìfìwéránṣẹ́ lákòókò yẹn. Ní 1973, iye lẹ́tà tí Aaron gbà súnmọ́ mílíọ̀nù kan, tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fi fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń kí i, ọ̀pọ̀ ń gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń bú u, wọ́n sì ń halẹ̀ pé àwọn yóò pa á bí ó bá fi lè rékọjá òyìnbó tí ó wà níwájú rẹ̀, débi pé ọlọ́pàá ní láti máa ṣọ́ ọ. Aaron kò sun àwọn lẹ́tà búburú náà. Ó tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 22 Oṣù Kìíní, 2021, ni ó tó kú.

Nígbà tí mo ka èyí ni mo mọ ohun tí ó kù nínú àpòòwé mi. Tèmi ní àwòrán lójú, kò ní nǹkan nínú. Àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ Aaron kò ní àwòrán lójú; inú wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan náà ni ó bu òǹtẹ̀ lu méjèèjì, ó sì gbé wọn lọ bákan náà. Bí ẹnì kan bá kó kìkì irú tèmi jọ, yóò rò pé ìlú ń yọ̀ mọ́ ọkùnrin náà ni. Nítorí náà, mo fi ojú ewé tí ó kọjú sí ti Aaron sílẹ̀ lófìfo, mo sì kọ "1973" sí etí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń kó ohun ìrántí jọ, ìbáà ṣe àpòòwé, ìbáà ṣe fọ́tò, ìbáà ṣe aṣọ àǹkóò ayẹyẹ, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó máa bi wọ́n: ta ni wọ́n rántí, nígbà wo ni wọ́n rántí rẹ̀, ta ni wọn kò rántí? Lórí àpòòwé, sítáǹpù a máa dáhùn èkínní, òǹtẹ̀ a máa dáhùn èkejì. Ìdáhùn ẹ̀kẹta kò sí lára rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ń kó o jọ ni ó wà.