Ohun Tí Ó Wà Nínú Kẹ́ẹ̀gì Mi

Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Èmi tí mo ti ń wàásù tako ọtí láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi pọn ọtí nínú ilé ìdáná mi, tí mo sì bù ú fún àwọn ará mu.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹnì kan fún mi ní oyin ìgò ńlá kan. Mo ní kí n fi ṣe ohun mímu fún ìpàdé àwọn ọkùnrin, kí a lè sinmi owó míníràà. Mo fọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́rin, mo gé wọn tèèpo-tèèpo, mo gún atalẹ̀ sí i, mo po oyin mọ́ omi, mo da gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì dé e pa kí adùn rẹ̀ lè wọra.

Ní ọjọ́ kẹta, kẹ́ẹ̀gì náà wú bí ikùn aboyún. Nígbà tí mo ṣí i, ó hó yaaya. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Títí, ṣé nǹkan yìí kò tíì bàjẹ́?” Mo ní agbára atalẹ̀ ni.

Nínú ìpàdé, gbogbo wọn ń yìn mí. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan wà láàárín wa tí Olúwa tú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọtí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ó ti fi kàn án lẹ́nu gbẹ̀yìn. Ó gbé ife súnmọ́ ẹnu, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

“Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ọtí ni ẹ gbé fún wa.”

“Ọtí kẹ̀? Oyin àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lásán?”

“Sà, ìyá mi máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n ṣe àgàdàgídí. Omi ni wọ́n ń dà lé e, wọn á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn rẹ̀ nìyí.”

Ìtìjú bò mí. Mo padà wọlé, mo sọ òtítọ́ fún gbogbo wọn, mo tọrọ àforíjì, mo sì da ìyókù nù.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kẹ́kọ̀ọ́. Ìwúkàrà tí ojú lásán kò lè rí wà lára èèpo èso. Ó wà nínú oyin pẹ̀lú. Oyin ojúlówó kì í kan bọ̀rọ̀, nítorí omi inú rẹ̀ kò tó fún ìwúkàrà láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bu omi là á, ìwúkàrà á jí, á máa jẹ adùn rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó wú kẹ́ẹ̀gì mi. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé láti nǹkan bí ọdún 1857 pé ohun abẹ̀mí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Mo tún gbìyànjú. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo sè é, ṣùgbọ́n mo gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó tún hó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kí ó tutù, mo po oyin sí i, mo sì gbé e sínú fìríìjì títí di ọjọ́ kejì tí a mu ún. Kò hó rárá. Òtútù kì í pa ìwúkàrà, ṣùgbọ́n ó ń fà á sẹ́yìn. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, ìbáà jẹ́ èyí tí a sè.)

Kí n tó bu ti ẹ̀ẹ̀kẹta fún ẹnikẹ́ni, mo sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo sè é. Arákùnrin wa gbọ́ òórùn rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní omi tútù. N kò rọ̀ ọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará, èrò rere ni mo ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, síbẹ̀ ọtí ni mo bù. Èrò rere nìkan kò tó láti dáàbò bo arákùnrin wa. Kí a mọ ohun tí a ń gbé síwájú ẹlòmíràn. Bí ọmọ ìjọ bá sì pe olùṣọ́-àgùntàn sí ẹ̀yìn ilé, kí olùṣọ́-àgùntàn tẹ́tí. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.