Mo Wà Lára Àwọn Tó Hó Lé E Lórí

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2019 ni. Pápá Camden Yards ní Baltimore kún bámúbámú, nítorí ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ Orioles kọ́kọ́ gbá bésíbọ́ọ̀lù nílé lọ́dún yẹn, Yankees ló sì wá bá wọn. Mo dé fìlà aláwọ̀ ọsàn mi, mo jókòó sókè pátápátá níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ò ti wọ́n. Bí Chris Davis ṣe jáde pẹ̀lú igi rẹ̀, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. Mo bá wọn hó. Mo dìde dúró, mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu bíi fèrè, mo hó títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta kọjá lára rẹ̀, ó padà lọ jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó tún kàn án, kóòṣì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó rọ́pò rẹ̀ bí ẹni pé a ti gba ife.

Ohun tó wà nínú fóònù mi lọ́jọ́ náà ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Arsenal ni bàbá mi bí mi sí. Ọdún 2010 ni mo dé Baltimore, iṣẹ́ tí mo sì kọ́kọ́ rí ṣe ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Bàbá òyìnbó kan tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Rédíò ló ń gbọ́, bésíbọ́ọ̀lù nìkan ló sì ń gbọ́ lórí ẹ̀. Ó ní ìwé kan tó fi ń kọ gbogbo bí eré ṣe ń lọ, èmi ni mo máa ń bá a gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbé pẹ́ńsù náà lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù mẹ́ta bá kọjá lára rẹ̀, lẹ́tà K la máa kọ fún un. Tó bá kàn dúró wo ẹ̀kẹta láìju igi rárá, a máa yí K náà kó kẹ̀yìn síni. Bàbá máa ń sọ pé K tó kẹ̀yìn yẹn ló ń dun òun jù.

Lọ́dún 2013, Davis gbá home run 53, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Orioles kankan tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́dún kan. Owó tí wọ́n san fún un lọ́dún náà, mílíọ̀nù 3 dọ́là àti díẹ̀ ni. Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé owó ńlá ni lójú èmi àti ẹ̀yin. Nídìí bésíbọ́ọ̀lù, owó ọmọ iṣẹ́ ni.

Torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Tí ọ̀dọ́ kan bá wọ ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ náà ló ni ín fún ọdún 6. Nínú ọdún 3 àkọ́kọ́, iye tí wọ́n bá fún un ló máa gbà. Nínú 3 tó tẹ̀lé e, tí wọn ò bá fẹnu kò, wọ́n á lọ síwájú àwọn onílàjà, owó á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 172 ni wọ́n ń kà sí ọdún kan, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi máa ń fi ọmọ tó ti gbó dáadáa sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kí ọdún má baà pé, kí wọ́n lè rí ọdún kan jẹ sí i lára rẹ̀. Àlùmọ̀kọ́rọ́yí gbáà! Ti tẹ́lẹ̀ ló tiẹ̀ burú jù. Kó tó di ìparí 1975, ẹgbẹ́ ló ni agbábọ́ọ̀lù títí ayé, bí ìwọ̀fà tí owó orí rẹ̀ kò lè pé láé. Dave McNally, tó ju bọ́ọ̀lù fún Orioles fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn méjì tí ẹjọ́ wọn já okùn náà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí agbábọ́ọ̀lù bá máa fi dòmìnira, ó sábà máa ń ti súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún. Ojú ṣì ń rí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ni ò tètè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ti jẹ ẹran rẹ̀ ní owó egungun. Owó ẹran ló wá fẹ́ gbà lórí egungun. Ẹni tó bá ń buwọ́ lùwé ọlọ́dún gbọọrọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọdún méjì mẹ́ta tó kẹ́yìn máa korò. Adùn àwọn tó ṣáájú ló ń fi í rà.

Ní ìparí 2014, Orioles jẹ́ kí Nelson Cruz lọ sí Seattle lẹ́yìn tó gbá home run 40 fún wa. Nick Markakis, tó ti lo ọdún 9 lọ́dọ̀ wa, gba Atlanta lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Cruz gbá 44 fún àwọn ará ibòmíràn. Ẹ wo bó ṣe ta mí lára tó! Nítorí náà, nígbà tí àdéhùn Davis parí lẹ́yìn 2015, ọdún tó gbá 47 tí ẹnikẹ́ni kò gbá jù ú lọ, èmi ni mo ń pariwo jù ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Liberty Road. Àwọn tó ń wo Premier League níbẹ̀ kò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

"Wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún un," mo ní. "Iye yòówù tó bá fẹ́."

Àbúrò kan tó ń ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Á pé 30 lóṣù kẹta."

"Ọdún mélòó ló ń bèèrè?"

"Wọ́n ní 7."

"Nígbà tó bá di 36 ńkọ́?"

Mo ní kó lọ jókòó, pé kò mọ bésíbọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n. Ìṣirò ló mọ̀.

Lóṣù kìíní 2016 wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 161 dọ́là fún ọdún 7. Mílíọ̀nù 42 nínú rẹ̀, àwìn ni, láìsí èlé. Títí di 2037 ni wọ́n á fi máa san án díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó gbá 38, bẹ́ẹ̀ ló gba K 219. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tó fi máa di 2018, nínú ìgbà 100 tó gbé igi, kò tó 17 tó so èso. Nínú gbogbo ìtàn bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó gbé igi tó iye ìgbà tí wọ́n ń béèrè, tí tirẹ̀ kéré tó yẹn rí. Ẹgbẹ́ náà pàdánù ìdíje 115 nínú 162.

Owó náà nìkan kọ́ ló dun ẹgbẹ́. Orúkọ 40 ló wà lórí rọ́sítà ńlá, 25 péré ló ń wọ pápá nígbà yẹn (26 ni báyìí), ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè dúró síbi tí wọ́n ń pè ní first base nínú pápá. Àyè Davis nìyẹn. Trey Mancini, tí ibẹ̀ gan-an jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n lé lọ sẹ́yìn pápá kó lọ máa sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lókè. Christian Walker, tí Orioles fúnra wọn mú wọlé lọ́dún 2012, kò rí ibi jókòó sí. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ní 2017. Ó dé Arizona níkẹyìn, ó di ọ̀gá níbẹ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ Gold Glove lọ́dún mẹ́ta léraléra. Bẹ́ẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ẹni tó gba owó jù máa gbá bọ́ọ̀lù. Owó ti di dandan, yálà Davis wọ pápá tàbí ó sùn sílé. Mo mọ ọkùnrin kan tó ra léèsì olówó gọbọi tó fún un lápá, tó ń wọ̀ ọ́ lọ sí gbogbo òde, tí kò lè gbọ́wọ́ sókè jẹun, nítorí pé owó rẹ̀ ń dùn ún. Ohun tí Orioles ṣe nìyẹn. Bó ṣe di pé Davis lọ sídìí igi nígbà 54 tí kò rí ẹyọ kan mú nìyẹn, láti oṣù kẹsàn-án 2018 títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin 2019 tí ó tó já ní Boston.

Fóònù yẹn wàyí.

Nígbà náà mo ti kúrò nídìí gbígbé arúgbó. Èmi ni mò ń ṣe rọ́sítà: ta ló lọ síbo, wákàtí mélòó. Màmá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, wà lábẹ́ mi, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó lo aṣọ ibùsùn láti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn láìdá ara ẹni lẹ́yìn. "Má fi ẹ̀yìn gbé e, ọkọ mi, ẹsẹ̀ ni o máa fi gbé e." Oṣù kìíní tí owó mi ò tíì wọlé, ó ń gbé ẹ̀fọ́ rírò wá fún mi nínú ike áísìkiriìmù. Iye kan náà ni wọ́n ń san fún èmi àti òun ní wákàtí kan, òun tó mọ iṣẹ́ fún mẹ́wàá wa.

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́. Mo gé wákàtí rẹ̀ láti 40 sí 24, láti 24 sí 12. Àwọn ọmọ tuntun ti dé láti Nàìjíríà, wọ́n lágbára, wọn kì í béèrè àyè ìsinmi. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ́fíìsì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ẹni tuntun níṣẹ́, iṣẹ́ tí kò béèrè orúnkún. Mi ò tiẹ̀ rántí Màmá. Mo dárúkọ ọkùnrin kan tó ní sátífíkéètì.

Orí ìlà tí a tò sí lẹ́nu géètì Camden Yards ni mo ti yọ orúkọ Màmá kúrò lórí rọ́sítà, àtàǹpàkò mi ló ṣe é. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé kò sí ṣíìfù fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé a ó máa pè wọ́n tí nǹkan bá yọjú. Kí n tó dé ìjókòó mi, èsì ti wọlé:

"Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹ rán. Ẹ ṣeun, sà."

Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi ń pè mí ní "ìwọ" àti "ọkọ mi". Mo ka "ẹ" yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fóònù bọ àpò. Davis jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn ni mo gbọ́ pé Davis àti ìyàwó rẹ̀ fi mílíọ̀nù 3 dọ́là ta ilé ìwòsàn ọmọdé ti Yunifásítì Maryland lọ́rẹ, ní Baltimore níbi tí a ti bú u. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mo pa rédíò. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìṣirò o. Ọdún 7 ti pọ̀ jù, ọdún 4 ni ì bá dára, àbúrò ṣọ́ọ̀bù yẹn ló jàre. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ Davis. Igi rẹ̀ kú, kọ́bọ̀ kan kò lè yọ nínú owó rẹ̀, nítorí àwọn kan ti lọ sí ẹjọ́ kí ọ̀rọ̀ lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdún tí Màmá fi ṣiṣẹ́ ní owó egungun, kò sí ibi tí a kọ wọ́n sí.

Lóṣù kẹjọ 2021 tí Davis ní òun ò gbá mọ́, mo pe nọ́ńbà Màmá. Ó gbé e.

"Ẹ káàsán o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, lórí ọ̀dà gbígbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ẹ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ni kí n wá máa pè yín, ọ̀gá?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ní ẹ̀fọ́ wà lórí iná, òun ò fẹ́ kó jóná, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.