Má Rọ Ọ́, Rọ̀ Ọ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fídà sí i lẹ́nu. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá: mo ní kí ebi kọ́kọ́ pa á dáadáa, mi ò fún un lọ́mú fún wákàtí mẹ́rin. Mo wá gbé e lé itan bí mo ṣe máa ń gbé e tó bá fẹ́ mu ọmú, mo sì ti rọ́bà fídà náà sí i lẹ́nu. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fajú ro, ó fi ahọ́n tì í jáde. Mo tún tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó figbe ta. Nígbà tí yóò fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bó bá ti rí ike náà lókèèrè ló ń ké. Òógùn bo gbogbo orí rẹ̀, ó sì bì. Mo ju fídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fà á mọ́ra, mo gbé ọmú fún un. Àwa méjèèjì la jọ ń sunkún.

Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Láti ìgbà tí mo ti bímọ ló ti wà lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn, tó ń bá mi wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n rọ ọ́."

Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá mọ ohun tí rírọ jẹ́. Ìyá á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ bí ife sí i lẹ́nu, á wá da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i. Bí ọmọ kò bá gbé e mì, wọ́n á dí i nímú díẹ̀, kò sì ní lè ṣe kó má gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ màmá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ èmi náà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú wọn sí i.

Àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa. Màmá mi tẹ̀ lé mi. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wo ọmọ, ó yíjú sí màmá mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ má rọ ọ́. Ẹ rọ̀ ọ́." Ó ṣàlàyé pé ọmọ tó ń ké ti la ọ̀nà èémí rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu nígbà yẹn lè ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kí a gbé fídà pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ná, nítorí ọmọ ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ fún ọmú. Màá fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ gbé e, màá sì rọra fọwọ́ pa á yíká. Àtàǹpàkò á wà lókè, ìka ìfábẹ̀là á wà nísàlẹ̀. Wọn kò ní wà lórí ọmú gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ ni, létí ibi dúdú tó yí i ká. Màá kọ́kọ́ tì í sẹ́yìn sí àyà, kí n tó pa ìka méjèèjì pọ̀, kí n sì tú u sílẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ fi ìka fa awọ ara, ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Lọ́jọ́ kìíní, ohun tí mo rí kò kún ṣíbí tíì kan. Lọ́jọ́ kẹta, ní ìdájí, lẹ́yìn tí ọmọ mu tirẹ̀ tó sùn, wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàà sínú abọ́, mo sì pe màmá mi kó wá wò ó.

Nígbà tí fídà máa padà dé, Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ ohun kan tí n kò ronú kàn rí. Ó ní lẹ́nu ọmú, ọmọ á kọ́kọ́ fà á fún bí ìṣẹ́jú kan kí wàrà tó wá, torí fífà rẹ̀ ló ń pe wàrà jáde. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á dúró mí, wàrà náà á sì dẹwọ́ dè é. Fídà ní tirẹ̀, bí a bá ti dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ńṣe ló ń ṣàn, bí ọmọ ti mí, bí kò mí. Mo wá rí i pé rírọ náà ni mo ń rọ ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn, ike ni mo kàn lò dípò àtẹ́lẹwọ́.

Nítorí náà, rọ́bà tí ihò rẹ̀ kéré jù lọ ni a rà. A kò tún dúró de ebi mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ̀kọ́ tuntun sì ni fídà jẹ́ fún Àbẹ̀kẹ́. Bíi wákàtí kan lẹ́yìn ọmú ni a máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Màmá mi ló ń fún un, torí bí mo bá wà nítòsí, òórùn ọmú mi ni yóò máa wá kiri. Ìró tí mo fi sùn ni màmá mi á fi bo èjìká, èmi á sì jáde lọ sí ìpẹ̀kun àdúgbò. Ọmọ á jókòó ṣánṣán lára rẹ̀, fídà á wà ní ìbùú, kì í ṣe òró. Màmá á fi rọ́bà kan ètè òkè ọmọ, á sì dúró. Bí Àbẹ̀kẹ́ kò bá lanu, kò ní tì í wọlé. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, á rẹ fídà sílẹ̀ kó lè mí. Bí wàrà bá ń ṣàn létí ẹnu rẹ̀, tàbí tó ya ìka ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti yá jù fún un nìyẹn.

Mo rò pé dídúró yẹn ni yóò nira fún màmá mi jù. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti rọ ọmọ méje mọ èémí ọmọ ju èmi tí mo kàwé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ kàn fi rọ́bà ṣeré lẹ́nu ni. Lọ́jọ́ kẹrin ó mu 20 mílílítà. Lọ́jọ́ kẹfà ó kọ̀ ọ́ pátápátá, ìrẹ̀wẹ̀sì sì bá mi títí mo fi tọ́ wàrà náà wò: ó ń ta bí ọṣẹ. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní rárá, èròjà kan nínú wàrà ọmú fúnra rẹ̀ ló ń tú ọ̀rá inú rẹ̀ nínú firíìjì. Ti àwọn ìyá kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju tẹlòmíràn lọ. Kì í pa ọmọ lára, àmọ́ ọmọ lè kọ̀ ọ́. Ó kọ́ mi pé bí mo bá ti fún wàrà tán, kí n gbé e kaná títí ìfófòó kéékèèké yóò fi yọ létí ìkòkò, kí n sọ̀ ọ́ kó tó hó, kí n yára mú un tutù. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ó gbà á.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ife ni Ìyá Nọ́ọ̀sì ìbá fẹ́ kí a lò. Ife kékeré ṣeé fọ̀ mọ́ tónítóní. Inú rọ́bà fídà ni kòkòrò àrùn máa ń sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé sì ti ibẹ̀ wá. Ó fi hàn wá bí a ṣe ń fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀, kí ọmọ fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀, láì dà á sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ màmá mi máa ń gbọ̀n díẹ̀. Fídà la mú, a sì ń sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10 lálaalẹ́.

Ohun kan wà tí kò tíì tán nínú mi. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi pàápàá. Mo gbà á gbọ́. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa sì fún mi ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi oyún dúró síwájú pátákó ìkọ̀wé títí di ọ̀sẹ̀ tí mo bímọ, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ti Àbẹ̀kẹ́, síbẹ̀ kò pé ìdajì oṣù mẹ́fà. Ó ń dùn mí pé ìyá nìkan ni wọ́n fi ìyókù ìṣirò náà sílẹ̀ fún. Òfin kan náà fún ìyá tó ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀. Mo mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá mi, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó ìwé sí.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mò ń fún ọmú sínú ike, kúlà oníyìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí ooru, tí fóònù fi dún. Màmá mi ni. "Ó mu 80. Ó ku díẹ̀, ó ní òun ò mu mọ́, mo gbé e sílẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

Mo délé ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Fídà kan ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́wọ́ọ́rọ́, mo ní kí n fún un fúnra mi, kí n fojú ara mi rí i. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ bí a ṣe kọ́ mi: mo gbé e jókòó, mo fi rọ́bà kan ètè rẹ̀, mo dúró. Àbẹ̀kẹ́ wò ó, ó wò mí, ó fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa bọ́tìnnì aṣọ mi.